Àga Ìwẹ̀ Ìyá Àgbà àti Èdìdì Funfun Mi

Bí àgbàlagbà bá wà nílé yín, ẹ mọ bí àárọ̀ ṣe máa ń rí. Omi á ti hó, wọ́n á ti fi omi tútù là á, ẹni tó ń wẹ̀ á pariwo pé ó gbóná jù, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, á tún pariwo pé ó ti tutù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tiwa rí láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ń wẹ̀. Àǹtí mi, àbúrò bàbá mi obìnrin, ló ń bu omi lé e lẹ́yìn. Èmi wà ní ṣọ́ọ̀bù tó fara ti ògiri ilé ìwẹ̀ náà, mò ń yangàn.

Ṣé ẹ mọ̀ mí? Bẹ́ ẹ bá dé àdúgbò wa, ẹ béèrè Ẹ̀rọ-Tó-Ń-Mí. Èmi nìyẹn. Èmi fúnra mi ni mo sọ ara mi lórúkọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè ní irọ́ ni mo pa. Àga ìwẹ̀ là ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, irú èyí tí àwọn àgbàlagbà àti àwọn aláìsàn fi ń jókòó wẹ̀. Ike búlúù ni ìjókòó rẹ̀, irin tí kì í dógùn-ún ni ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn kan ló ń bá wa ṣe ìjókòó ike náà, bàbá mi ló ń gé irin, èmi ló ń so ike mọ́ irin. Ihò mẹ́rin, bóòtù mẹ́rin, nọ́ọ̀tì mẹ́rin, ó parí. Ọjọ́ kan wà tí mo so àga mẹ́ta láàárín ìgbà tí mo sín lẹ́ẹ̀kan àti ìgbà tí mo sín lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀rí wà. Ẹni tó rí i ti kó kúrò ládùúgbò ni.

Ti agbára ńkọ́? Bí mo bá fẹ́ dé nọ́ọ̀tì, mo máa ń ki páìpù gígùn bọ ìdí sípánà, kí n lè fà á dáadáa. Mo máa fà á títí ike búlúù yẹn á fi funfun yí bóòtù ká. Funfun yẹn, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Èdìdì mi ni mò ń pè é. Bí mo bá ti rí i báyìí, mo mọ̀ pé nọ́ọ̀tì yẹn di ọjọ́ àjíǹde.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ogójì àga wà nílẹ̀. Ilé ìwòsàn kan ló ní ká ṣe é fáwọn aláìsàn tó ń wẹ̀ lórí ìjókòó, nọ́ọ̀sì àgbà wọn sì ń bọ̀ wá kó o lọ́sàn-án. Àpò Sìmẹ́ǹtì ló ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìyẹn. Àṣà wa ni ní ṣọ́ọ̀bù pé àga kankan ò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé Àpò Sìmẹ́ǹtì jókòó lé e. Oníbúrẹ́dì tó wà lódìkejì ni. Bó bá ń sọdá títì, mọ́tò máa ń dúró, kì í ṣe torí ọ̀wọ̀ o, torí pé kò sí ibi tí wọ́n máa gbà kọjá ni. Látìgbà tí bàbá mi ti ń ṣe bẹ́ǹṣì onírin ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àṣà yìí. Á jókòó, á fò sókè fò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, a ó sì jọ pariwo pé, "Ó gbà á!"

Ó ti jókòó lé mẹ́rìndínlógójì, gbogbo rẹ̀ ló gbà á.

"Ẹ̀rọ-Tó-Ń-Mí," ó ní, ó ń nu òógùn, "kí lo fi ń so nǹkan wọ̀nyí gan-an?"

"Ìka méjì ni mo lò o, bọ̀dá," mo dá a lóhùn. "Bí mo bá lo ìka mẹ́ta, irin á ya."

Ibi tá a ti ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni àǹtí mi ti wọlé. Omi ń kán tó-tó-tó lára rẹ̀, ọṣẹ wà ní apá rẹ̀ méjèèjì, ó gbé àga ìwẹ̀ Ìyá Àgbà dání bí ẹni tó mú olè.

Ọdún kẹrìnlá rèé tí àǹtí mi ti ń ṣiṣẹ́ ní fátìrì, ilé iṣẹ́ ńlá kan níbi tí wọ́n ti ń so ike mọ́ irin, ike mọ́ gíláàsì, ike mọ́ ike. Ìsinmi ló bá dé ọ̀dọ̀ wa láti ọjọ́ méjì sẹ́yìn. Fà-Á-Wò ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fa nǹkan tí wọ́n bá so, kó mọ̀ bóyá á tú. Èmi kàn ń pè é ní àǹtí. Mo rò pé iṣẹ́ pẹ́pẹ̀pẹ́ kan ló ń ṣe.

"Ta ló so àga yìí?" ó béèrè.

Mo na ọwọ́ sókè kí bàbá mi tó lanu. "Èmi ni o. Òun ni mo kọ́kọ́ so nínú irú èyí. Mo mọ̀ pé ó máa wù yín."

"Wá gbọ́ nǹkan." Ó tẹ ìjókòó náà mọ́lẹ̀ lápá kan. Ó dún: kẹ́.

"Irin ló ń kí yín, àǹtí."

"Irin kọ́. Yí ìdí ẹ̀ sókè."

Mo yí i. Mo rí èdìdì mi níbẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, funfun báláú. Inú mi dùn. Àǹtí mi fi èékánná rẹ̀ gba àárín funfun náà kọjá, èékánná yẹn sì há sínú nǹkan kan. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ilà kan wà níbẹ̀ tó tín-ín-rín bí irun orí, ó ti ìdí bóòtù jáde, ó ń lọ sí ọ̀nà etí ìjókòó.

Bàbá mi tó ń gé irin dúró. "Kí ni ìyẹn?"

"Ó ti ń ya, ẹ̀gbọ́n mi. Mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyá wa kúrò lórí ẹ̀ ni."

Ẹ má gbàgbé pé ní ọdún tó kọjá, Ìyá Àgbà ṣubú nílé ìwẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Oṣù márùn-ún ló fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Dókítà sọ fún wa pé bó bá tún ṣubú, òun ò ní lè ṣèlérí nǹkan kan. Torí rẹ̀ gan-an ni bàbá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àga ìwẹ̀.

Àmọ́ ẹnu mi ò mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́.

"Àǹtí, ẹ má bínú o," mo ní, "Àpò Sìmẹ́ǹtì ti jókòó lé àga yẹn! Ó fò lẹ́ẹ̀mẹta! Ìyá Àgbà ò tó itan ẹ̀ kan."

"Òótọ́ ni," Àpò Sìmẹ́ǹtì sọ. "Mo fò."

"Ìgbà wo lẹ fò?"

"Ọjọ́ tí wọ́n so ó."

"Ṣé ẹ wẹ̀ lórí ẹ̀?"

Àpò Sìmẹ́ǹtì wo ara rẹ̀, ó wo àga. "Nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, níṣojú èèyàn? Rárá o."

"Àṣìṣe yín nìyẹn." Àǹtí mi gbé àga náà kalẹ̀. "Àga ìwẹ̀ lẹ ń ṣe, ẹ wá ń yẹ̀ ẹ́ wò ní gbígbẹ, lọ́jọ́ tó ṣì tuntun. Irin tí kò bá ní lè gbà á máa ń sọ fún yín lójú ẹsẹ̀. Ike kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ike máa ń dì í sínú. Tó o bá ṣẹ̀ ẹ́ lónìí, á rẹ́rìn-ín sí ẹ, á gba Àpò Sìmẹ́ǹtì, tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, á wá gbẹ̀san lára ẹlòmíì."

Bàbá mi mi orí. "Àbúrò mi, ilà kékeré lèyí. Nọ́ọ̀sì ń bọ̀ lọ́sàn-án. A ò lè da ogójì àga nù torí irun orí."

"Ẹ fún mi ní àpò méjì àti yanrìn."

Yanrìn wà lẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Àǹtí mi gbé ọ̀kan lára àwọn àga tuntun ti àga Ìyá Àgbà, ọwọ́ kan náà ló so wọ́n, sípánà kan náà, èdìdì kan náà. Ó gbé àpò òfìfo lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní kí n máa fi ọpọ́n bu yanrìn sí i, kí n máa kà á sókè.

Ìyá Àgbà náà ti wọṣọ tán, ó ti fi ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wá sẹ́nu ọ̀nà. "Kí lẹ̀ ń ṣe síbẹ̀ yẹn?"

"À ń fi yanrìn ṣe yín ni, màámi," àǹtí mi dáhùn.

"Ẹ má fi èyí tó dọ̀tí ṣe mí o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀."

Lójú àǹtí mi, ọpọ́n méjìlá ló tó Ìyá Àgbà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bu ú. Àga tuntun ni mo kọ́kọ́ bu sí. Méjìlá pé, kò mì. Mo fi mẹ́rin lé e, kò mì. Mo wo àǹtí mi bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ.

"Bu sí ti Ìyá Àgbà."

Mẹ́ta. Mẹ́rin. Márùn-ún. Ó dún, kẹ́. Mẹ́fà. Méje. Mo ń rọra bu ú báyìí, kí n má purọ́. Ní mẹ́jọ, mo gbọ́ nǹkan kan tó dún bí ìgbà tí wọ́n fọ́ bísíkíìtì sẹ́nu. Mo gbé ọpọ́n kẹsàn-án sókè, mi ò tíì dà á tí igun ìjókòó náà fi já pátápátá. Ẹsẹ̀ irin kan bọ́ sóde, àga dojú dé, yanrìn fọ́n ká ilẹ̀ dé ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà.

Ọpọ́n mẹ́jọ. Ìyá Àgbà jẹ́ méjìlá.

Bóòtù yẹn ṣì wà lórí ẹsẹ̀ irin tó bọ́, nọ́ọ̀tì mi ṣì fún mọ́ ọn gírígírí. Èdìdì funfun mi náà wà níbẹ̀, ó ti di òrùka ike kékeré kan tó ya kúrò lára ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo so ò tú rárá o. Ike tó yí i ká ló pín yà. Mo ti ṣe àsọdùn púpọ̀ nínú ìtàn yìí, àmọ́ mi ò fi ẹyọ kan kún iye ọpọ́n yẹn.

Ìyá Àgbà wo yanrìn tó wà lórí sálúbàtà rẹ̀, ó wò mí. "Ọkọ mi," ó ní, "ṣé èmi nìyẹn tó dà sílẹ̀ yìí?"

Mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ gbá yanrìn náà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mi ò yangàn rárá. Ẹ lè kọ ọjọ́ yẹn sílẹ̀.

Àǹtí mi ò bú mi. Ó fà mí mọ́ra, ó fi òrùka ike náà sí àtẹ́lẹwọ́ mi. "Wò ó. Funfun yìí, kì í ṣe èdìdì. Igbe ni. Ike ń ké pé o ti fún òun kọjá ibi tí òun lè gbà. Omi gbígbóná dé, ó fẹ́ fẹ̀, kò ráyè. Omi tútù dé, ó fẹ́ súnkì, o dì í mú. Ọṣẹ wá rí ibi tí ara ti ń ta á yẹn, ó wọ inú ẹ̀, ó ń là á díẹ̀díẹ̀. Láàárọ̀, láàárọ̀. Ike tí wọn ò fún pa, ọṣẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é ní nǹkan kan. Ibi tí ìnira bá wà ló ń lọ."

"Àǹtí, ṣé kí n máa dẹ̀ ẹ́ nígbà náà?"

"Tó o bá dẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ á máa mì, nọ́ọ̀tì á tú. Wá."

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó wà níbẹ̀ lè jẹ́rìí sí i. Ó mú àjẹkù páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan nílẹ̀, ó gé e kékeré, kò ju ìdajì èékánná lọ, ó fi fáìlì họ ọ́ títí ó fi dọ́gba gẹ́lẹ́ pẹ̀lú bí ìjókòó ike ṣe nípọn. Kò wọ̀n ọ́n o! Ìka ló fi ń wò ó. Nígbà tí mo wá fi rúlà wọ̀n ọ́n, kódà èèrà ò lè gba àárín àṣìṣe rẹ̀ kọjá. Ó mú ìjókòó tuntun kan tí n kò tíì fọwọ́ kàn, ó fi díríìlì fẹ ihò rẹ̀ díẹ̀, ó ki páìpù kékeré yẹn bọ inú ihò, ó gba bóòtù àárín rẹ̀ kọjá. Ó fi wásà fífẹ̀, irin pẹlẹbẹ tó ní ihò láàárín, sókè, ó fi òmíràn sísàlẹ̀, ó dé nọ́ọ̀tì.

"Ó yá," ó ní, "Ẹ̀rọ-Tó-Ń-Mí. Mú sípánà ẹ. Ki páìpù ẹ bọ ìdí ẹ̀. Fa gbogbo agbára tó o ní."

"Àǹtí, ó máa ya o."

"Fà á."

Mo fà á. Mo fà á títí iṣan ọrùn mi fi yọ, títí ẹsẹ̀ mi fi kúrò nílẹ̀, títí mo fi rí bàbá bàbá mi tó ti kú tipẹ́ lókèèrè tó ń juwọ́ sí mi. Ike náà ò funfun. Búlúù ni, búlúù ló dúró.

"Páìpù inú ihò yẹn ló ń ru agbára ẹ," àǹtí mi ṣàlàyé. "Nọ́ọ̀tì ń fún irin mọ́ irin, bó ṣe wù ú ni kó fún. Wásà kàn di ike mú jẹ́jẹ́, ó ń ráyè fẹ̀, ó ń ráyè súnkì. Ní fátìrì wa, a máa ń so nǹkan lọ́nà tí aláṣejù pàápàá ò fi ní lè bà á jẹ́."

"Ta ni aláṣejù?" mo béèrè.

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù wò mí. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín.

Mo ti rí àwọn tó ń gbé irin, mo ti rí àwọn tó ń fọ́ òkúta. Mi ò tíì rí alágbára bí obìnrin yẹn, tó fi àjẹkù páìpù ṣẹ́gun gbogbo apá mi. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá pè é ní Fà-Á-Wò lójú mi, mo máa ń dìde dúró.

Ọ̀sán ni nọ́ọ̀sì àgbà dé pẹ̀lú mọ́tò. Ó rí àga tó tò lọ bẹẹrẹ, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ jẹ́ ká kó o."

Bàbá mi la ẹnu, ó pa á dé. Mo rí i pé ó nira fún un. Ogójì àga ni. Èmi ni mo bọ́ síwájú.

"Màámi, ẹ má kó o. Èmi ni mo so ó, mo so ó pa. Á gba aláìsàn yín lónìí, á gbà á lọ́la, nígbà tó bá ti mu ọṣẹ yó, á dà wọ́n nù." Mo gbé èyí tó fọ́ hàn án. Mi ò bu iyọ̀ kankan sí i.

Nọ́ọ̀sì náà fi ìka kan ojú ibi tó ti ya. "Ó kù díẹ̀ kí n wá gbé e sábẹ́ màmá kan tí ò lè na ẹsẹ̀ kan," ó sọ, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Ọjọ́ mélòó lẹ fẹ́?"

"Wákàtí mé..."

"Ọ̀sẹ̀ méjì," àǹtí mi já lu ọ̀rọ̀ mi.

A tú gbogbo rẹ̀. Ìjókòó tó bá ti ní funfun, bàbá mi fi ayùn gé e sí méjì kí ẹnì kankan má baà tún un lò. A ní kí àwọn tó ń bá wa ṣe ìjókòó ike ṣe tuntun wá. Èmi náà gun kẹ̀kẹ́ lọ bá àwọn mọ́kànlá tó ti ra tiwọn tẹ́lẹ̀. Ìyá kan ní, "Tèmi dúró digbí, ẹ fi mí sílẹ̀." Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n yí i sódì lásán." Mo yí i. Ilà méjì. Ó fúnra rẹ̀ gbé e tì mí lọ́wọ́.

Àṣà wa ò parẹ́ o. Àpò Sìmẹ́ǹtì ṣì ń jókòó. Àmọ́ a máa ń mú ọ̀kan nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, a ó rì í sínú omi gbígbóná àti ọṣẹ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko pẹ̀lú àpò yanrìn lórí, lẹ́yìn náà lòun á tó wá fò. Ó ní ìdí òun ò tíì mọ́ tó báyìí rí láyé òun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín. Lónìí, kó tó di pé ẹnikẹ́ni tún wẹ̀, ẹ yí àga ìwẹ̀ ilé yín sódì. Ẹ wò yíká ibi tí irin ti wọ inú ike. Bẹ́ ẹ bá rí funfun níbi tí ike kì í ṣe funfun, tàbí tí èékánná yín há, ẹ má jókòó lé e mọ́, ẹ má sì fi góòmù lẹ̀ ẹ́, torí góòmù ò lè wo ohun tó ti ya látinú. Bó bá dún kẹ́, ẹ má ní ó ń ṣeré. Ohun tí àgbàlagbà bá ń dì mú nílé ìwẹ̀ náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ bíi tèmi, tẹ́ ẹ bá ń so ike mọ́ irin, ẹ fi páìpù kékeré sínú ihò, ẹ fún un ní wásà fífẹ̀, ẹ jẹ́ kó ráyè mí. Ohun tẹ́ ẹ bá ṣe fún omi, inú omi ni kẹ́ ẹ ti dán an wò. Bó bá sì ti jáde kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé kò dáa, ẹ lọ gbà á padà. Ojú máa tì yín díẹ̀. Mo ṣe é, mi ò kú.

Láàárọ̀ òní, mo tún wà ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń gbọ́ omi tó ń dà lódìkejì ògiri. Ìyá Àgbà pariwo pé omi gbóná jù. Ó pariwo pé ó ti tutù jù. Lẹ́yìn náà ló kan ògiri.

"Ọkọ mi! Àga yìí ò sọ̀rọ̀ mọ́ o!"

"Ẹ jẹ́ kó dákẹ́, màámi," mo dá a lóhùn. "Èmi nìkan ló yẹ kó máa pariwo nínú ilé yìí."